Ìdá Wo Ló Tóbi Jù? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àti Àwọn Òbí Sọ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ wá, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdá nínú ìṣirò. Ìdá pọ̀ ju ohun tí a lè sọ tán níjókòó kan lọ, nítorí náà ẹyọ ibì kan ni n ó mú: bí a ṣe ń mọ èyí tó tóbi nínú ìdá méjì. Mo mú un torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣìnà, tí wọn kì í sì í rí ọ̀nà padà títí wọ́n á fi jókòó ṣe Wáẹ̀kì.

Ẹ bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdá léèrè pé nínú 1/3 àti 1/8, èwo ló pọ̀ jù. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn pé 1/8 ni. Ẹ má bínú sí i. Láti ìgbà tó ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ni 8 ti ń ju 3 lọ, òfin yẹn kò sì já a kulẹ̀ rí. Àgbálùmọ̀ mẹ́jọ ju mẹ́ta lọ, náírà mẹ́jọ ju mẹ́ta lọ. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Òfin tó mọ̀ ló gbé wá síbi tí òfin náà kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ibi tó dé yìí yàtọ̀.

Kì í ṣe àwọn ọmọ tiwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978, nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 fojú díwọ̀n iye tí 12/13 àti 7/8 yóò jẹ́ bí a bá rò wọ́n pọ̀. Wọn kò ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ìdáhùn mẹ́rin pé kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀: 1, 2, 19, 21. Ẹ wò ó: 12/13 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé odidi kan, 7/8 náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé odidi kan, 2 ni yóò sún mọ́. Ìdá 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló mú 2. Àwọn tó mú 19 pọ̀ jù wọ́n lọ, àwọn tó mú 21 náà pọ̀ jù wọ́n lọ. Níbo ni 19 ti wá? 12 àti 7 ni wọ́n rò pọ̀. 21 ńkọ́? 13 àti 8. Àwọn ọmọ yẹn kò rí ìdá kankan nínú ìbéèrè náà. Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n rí, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ṣe.

Ohun tí mo bá wá nìyí. Iye kan ṣoṣo ni ìdá kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà méjì la fi ń kọ ọ́, iye náà sì ní ibi tó dúró sí. Ọmọ tó bá mọ ibi tí 7/8 dúró sí láàárín òfo àti odidi kan kò ní sọ pé 7/8 àti 12/13 jẹ́ 19. Bí a bá sì kọ́kọ́ há òfin ìṣirò sí ọmọ lórí kó tó mọ ibi tí ìdá dúró sí, a ti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí wàhálà: 5/8 ju 3/8 lọ, torí bákan náà ni wọ́n gé odidi, ẹnì kan mú ègé márùn-ún, ẹnì kejì mú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ ọ̀kan náà, bíi 3/5 àti 3/7, ègé mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì mú, ṣùgbọ́n ègé ẹni tó gé odidi sí ọ̀nà 7 kéré sí ègé ẹni tó gé e sí 5. Ìpín púpọ̀, ègé kékeré. Ọmọ tó ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pín ẹran rí mọ èyí dáadáa. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kó mọ̀ pé ohun kan náà ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹ fún un ní tépù káfíńtà, èyí tó ní íǹṣì. Kó wo àárín íǹṣì kan sí èkejì. Ìlà tó gùn jù níbẹ̀ ló dúró fún ìdajì íǹṣì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní gígùn dúró fún ìdá mẹ́rin, lẹ́yìn wọn ìdá mẹ́jọ, àwọn wẹ́wẹ́ tó kúrú jù sì ni ìdá 16. Ẹ ní kó fi ìka kan sí 5/8, kó fi ìka kejì sí 9/16. Ó ti lè máa rò lọ́kàn pé 9/16 ló tóbi, torí 9 ju 5 lọ, 16 náà sì ju 8 lọ. Yóò rí i pé ìka tó wà lórí 5/8 ló wà níwájú. Ẹyọ ìlà wẹ́wẹ́ kan ló fi ṣíwájú, torí 5/8 náà ni 10/16. Ẹ má sáré sọ èyí fún un. Ẹ jẹ́ kó ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Káfíńtà tó bá ṣi ibẹ̀ mú yóò gé pákó kúrú, pákó tí a sì ti gé kúrú kò ṣe é fà gùn.

Lẹ́yìn tépù, ìdajì ni kí ẹ mú. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn ìwé ilé-ìwé wa kì í fún láyè tó yẹ ẹ́. Nínú 3/7 àti 5/9, èwo ló tóbi? Ìdajì 7 jẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. 3 kò tó o, nítorí náà 3/7 kò tó ìdajì. Ìdajì 9 jẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀. 5 ti kọjá rẹ̀, nítorí náà 5/9 ju ìdajì lọ. Ó parí. Kò sí ìsọdipúpọ̀ níbẹ̀, bíírò kò sì kan ìwé.

Bí ìdá méjèèjì bá ju ìdajì lọ ńkọ́? Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ní ọ̀nà kan. Ìwé pápírọ́ọ̀sì kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú rẹ̀, wọ́n ń pín búrẹ́dì fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí búrẹ́dì bá jẹ́ 6, àwa yóò sọ pé 6/10 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3/5. Ahmes ní tirẹ̀ yóò ní kí olúkúlùkù mú ìdajì búrẹ́dì, kó sì mú ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Búrẹ́dì márùn-ún ni wọ́n gé sí méjì-méjì, ó kárí gbogbo wọn. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ni wọ́n gé sí mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká wá fi ọgbọ́n yìí wo 5/8. Búrẹ́dì márùn-ún fún ènìyàn mẹ́jọ: gé mẹ́rin sí méjì-méjì, ó kárí, gé ẹyọ tó kù sí mẹ́jọ. Ìdajì àti 1/8 nìyẹn. Nínú 3/5 àti 5/8, àwọn méjèèjì ní ìdajì, ọ̀kan ní 1/10 lé, èkejì ní 1/8 lé. 1/8 ju 1/10 lọ, 5/8 ló tóbi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀nà tí àwọn ará Íjíbítì ń gbà kọ ìdá ti nira jù. Èmi gbà pé ọ̀nà wọn ń jẹ́ kí ènìyàn rí bí ìdá ṣe tóbi tó ju tiwa lọ.

Bí àwọn ìdá bá sún mọ́ odidi, ẹ wo ohun tó kù kí wọ́n pé. Níbí, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra, torí àwọn ọmọ tí orí wọn pé dáadáa máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní 7/8 àti 12/13 dọ́gba, torí ẹyọ kan ló ku ọ̀kọ̀ọ̀kan kó pé. Òótọ́ ni pé ẹyọ kan ló kù, ṣùgbọ́n ẹyọ ègé wo? Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló ku 7/8, ìdá kan nínú 13 ló ku 12/13. Ègé tó ku 12/13 kéré sí ti èkejì, nítorí náà òun ló sún mọ́ odidi jù, òun ló tóbi.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní kíláàsì wàyí, torí àwọn òbí kan máa ń béèrè pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi èyí ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní 1979 yóò rántí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún náà la dìbò ààrẹ. Òfin ní ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìpínlẹ̀ tó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà, 19 kò sì ṣe é pín sí mẹ́ta géérégé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12 àti 2/3. Ta ló ti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ rí?

Alhaji Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN ní 4,916,651. Ìbò Shagari ló pọ̀ jù, ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin tí òfin béèrè ní ìpínlẹ̀ 12. Èyí tí yóò ṣe ìkẹtàlá ni Kánò. Níbẹ̀, nínú ìbò 1,220,763, 243,423 ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ìdá yẹn dúró sí, bí a ti ń ṣe bọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò Kánò jẹ́ 305,191, kò débẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ 244,153. Ìbò 730 ni kò jẹ́ kó débẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, 1/5 ó dín díẹ̀ ni Shagari ní ní Kánò, 1/5 sì kéré sí 1/4.

Olóyè Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ọmọ Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ NPN, wá gbé e kalẹ̀ pé 12 àti 2/3 ni òfin béèrè, pé kì í ṣe 13. Ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò nìkan ni a óò wò, ìdá kan nínú mẹ́rin ibẹ̀ ni Shagari sì gbọ́dọ̀ ní. Ìdá kan nínú mẹ́rin 2/3 jẹ́ 2/12, ìyẹn 1/6. Ìdá kan nínú mẹ́fà ìbò Kánò jẹ́ 203,461. Shagari ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Shagari ló wọlé. Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níwájú Adájọ́ Àgbà Àtàńdá Fatayi-Williams àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Shagari ni ilé ẹjọ́ dá láre. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló yapa. Ó gbà pé ìpínlẹ̀ kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́, pé 13 ni òfin béèrè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, Shagari gorí oyè.

Òfin kì í ṣe iṣẹ́ mi, ìṣirò ni. Ní ti ìṣirò, mo gbà pé Adájọ́ Ẹ̀ṣọ́ ló tọ̀nà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bí a bá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò la fẹ́ wò, ìbò 1,220,763 yóò di 813,842. Ó dára. Ṣùgbọ́n gbogbo Kánò ni ìbò 243,423 ti jáde wá. Bí a bá gé ìsàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ gé òkè bákan náà, òkè yóò sì di 162,282. Ẹ fi 162,282 sórí 813,842: ìdá tí a ní tẹ́lẹ̀ náà ló jẹ́, 1/5 ó dín díẹ̀, torí bí a bá fi iye kan náà sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, ìdá kì í yí padà. Ìgbà tí a bá fi òkè sílẹ̀ lódidi tí a gé ìsàlẹ̀ nìkan ni Shagari tó kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ìdá nínú kí ni. Ìdajì búrẹ́dì kékeré lè má tó ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì ńlá. Ní báyìí tí ìpínlẹ̀ ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 24 géérégé.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo bí 1/5 ṣe bọ́ sáàárín 1/6 àti 1/4. Ọmọ tó bá ṣi ìṣirò ṣe, tó ro 1 àti 1 pọ̀ lókè, 4 àti 6 pọ̀ nísàlẹ̀, yóò sọ pé 1/4 àti 1/6 jẹ́ 2/10. Ẹ bi í pé mélòó ni 2/10. 1/5 ni. Ó ní 1/4 lọ́wọ́, a fi 1/6 kún un fún un, ohun tó ní wá dín kù! Bó bá ti mọ bí ìdá ṣe tóbi tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé nǹkan kan kò tọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù, torí ìṣirò òdì yìí ní ibi tó ti wúlò. Bí a bá ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ohun tí a ó rí yóò máa bọ́ sáàárín àwọn ìdá méjèèjì nígbà gbogbo. Ṣé ẹ fẹ́ ìdá kan láàárín 3/7 àti 1/2? 4/9 rèé. John Farey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣèwádìí òkúta àti ilẹ̀, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1816.

Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa mọ ibòmíràn tí ìdá ti ń pinnu ohun tó kan ènìyàn lápò. Ìdá mẹ́fà ni Kùránì là kalẹ̀ fún ogún pínpín nínú Suratu-n-Nisa: 1/2, 1/4, 1/8, 2/3, 1/3 àti 1/6. Bí ọkùnrin bá kú tó fi ìyàwó, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá sílẹ̀, ìyàwó ní 1/8, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ní 2/3, bàbá ní 1/6, ìyá ní 1/6. Ìpín ìyá olóògbé ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 ju 6 lọ. Ẹ wo ibi tí àṣìṣe ọmọ kékeré lè bá ẹbí dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò wọ́n pọ̀. Nọ́ńbà tí 8, 3 àti 6 lè pín láìṣẹ́kù ni 24. Ìyàwó ní 3/24, àwọn ọmọ 16/24, bàbá 4/24, ìyá 4/24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27/24. Ó ju odidi lọ! Wọ́n ní orí mímbárì, àga ìwàásù mọ́ṣáláṣí, ni Ali, ọkọ Fatima ọmọ Ànábì, wà nígbà tí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè yìí, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìdá mẹ́jọ ìyàwó ti di ìdá mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé ogún náà sí 27 dípò 24, olúkúlùkù sì mú iye ègé tirẹ̀. 3/27 ni ìyàwó mú, ìyẹn 1/9. Ká ní ogún náà jẹ́ 2,700,000 náírà. Tó bá jẹ́ 1/8 ni, 337,500 ni ìyàwó ì bá gbà. 1/9 rẹ̀ jẹ́ 300,000. Àwọn ọmọ méjèèjì gba 1,600,000, bàbá gba 400,000, ìyá gba 400,000, owó náà sì tán pérépéré. Ìpín gbogbo wọn ló dín kù, ó sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ṣì ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà dín in kù tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

24 tí wọ́n wá rí yẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ òfin tí gbogbo yín ń retí pé kí n dárúkọ: ká fi ìsàlẹ̀ èkíní sọ òkè èkejì di púpọ̀, ká fi ìsàlẹ̀ èkejì sọ òkè èkíní di púpọ̀, ká wo èyí tó pọ̀ jù. Òfin gidi ni. Mo fi í sẹ́yìn nítorí pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kò ní wo ìdá lójú mọ́. Yóò máa lò ó fún 1/2 àti 9/10, níbi tí kò ti yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé bíírò. Àwọn ìdá kan wà, síbẹ̀, tí ojú kò lè ká. Ẹ mú 7/11 àti 12/19. Méjèèjì ju ìdajì lọ díẹ̀, wọ́n sì jìnnà sí odidi. Kò sí tépù tí yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn yín. Ẹ wá ìsàlẹ̀ tí yóò bá àwọn méjèèjì mu: 11 lọ́nà 19 jẹ́ 209. 7/11 yóò di 133/209, torí 7 lọ́nà 19 jẹ́ 133. 12/19 yóò di 132/209, torí 12 lọ́nà 11 jẹ́ 132. Ohun tí òfin náà ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, ó wá ń fi òkè wé òkè láìkọ 209 sílẹ̀. Ẹ kọ 209 yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí ègé tí wọ́n ń kà. Bí ẹ bá gé odidi sí 209, ẹyọ ègé kan péré ni 7/11 fi ju 12/19 lọ.